Ẹnjiníà Tó Ń Tún Ẹ̀rọ Àwo Orin Ṣe Lẹ́yìn Old Garage l'Óṣogbo: Iṣẹ́ Rẹ̀ Dára, Ọjọ́ Tó Bá Dá Ni Kí Ẹ Má Gbára Lé

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó dùn mí, kí n tó wá sọ èyí tó dùn mọ́ mi. Ọjọ́bọ̀ ni Ẹnjiníà dá fún mi pé kí n wá gbé ẹ̀rọ mi. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ló tó tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo wọ kẹ̀kẹ́ láti Alẹ́kúwodò lọ bá a, ẹ̀ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin ló sì ní, "Ó ti ń parí, mà." Telọ́ lèmi náà. Mo mọ ìtumọ̀ "ó ti ń parí". Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé aṣọ ṣì wà nínú láílọ́ọ̀nù, àlùmọ́gàjí ò tíì kàn án.

Àwọn oníbàárà mi ló ń dà mí láàmú pé níbo ni mo ti ń rí orin tí mò ń gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù láti bí oṣù mẹ́ta. Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn, kí n lè yéé máa tún un sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá wọn bùbá.

Bàbá mi, òṣìṣẹ́ réluwé ni wọ́n níbí ní Òṣogbo títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí wọ́n papò dà, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pín ilẹ̀, wọ́n pín àga, wọ́n wá ní kí èmi máa kó àwo orin lọ, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ páálí eléruku nínú wọn. Páálí mẹ́ta ni. Ohun tí ẹ máa retí ló wà nínú méjì àkọ́kọ́: Haruna Ishola, I.K. Dairo, Yusuf Olatunji. Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ wà. Rọ́ọ̀kì, orin onígìtá aláriwo ti òkè òkun, ló kún un dẹ́nu: Santana, Led Zeppelin, Pink Floyd, Cream, àti èyí tí Paul McCartney wá ká sílẹ̀ ní Lágọ́sì lọ́dún 1973. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn iyán, bàbá mi á gbé ọ̀kan sí i, wọ́n á na ẹsẹ̀ sórí àpótí, ìyá mi á sì máa ké láti ìdí ààrò pé, "Bàbá Bọ́lá, ẹ pa àwọn àǹjọ̀nnú yẹn!" Àǹjọ̀nnú la mọ orúkọ rọ́ọ̀kì sí nílé wa. Mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́tàlá kí n tó mọ̀ pé ó lórúkọ míì.

Kò sì yẹ kó ya ará Òṣogbo lẹ́nu ṣá. Ìlú tí Susanne Wenger, obìnrin ará Austria, ti wọ̀, tó di Àdùnní Olórìṣà mọ́ wa lọ́wọ́, tó sì kú síbẹ̀ lọ́dún 2009, kí ni gìtá fẹ́ ṣe tó máa jọ wọ́n lójú?

Eku ti jẹ wáyà inú ẹ̀rọ bàbá mi tán. Mo bá ra tòkunbọ̀ kan ní ₦48,000 lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹrù Amẹ́ríkà. Òǹtajà náà fi tìráńsífọ́mà kékeré kan kún un fún mi, ó ní fóltì 110 ló ń jẹ. Mo délé, mo gbé Santana lé e. Háà! Ohùn tó jáde dà bíi ti ẹni tó jẹ àmàlà yó, tí wọ́n wá ní kó dìde jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìlù ń wọ́ ẹsẹ̀, gìtá ń tòògbé. Mo rò pé àwo ló ti gbó. Mo gbé Haruna Ishola sí i, òun náà ń fà bí ẹni tó ru igi gun òkè.

Oníbàárà mi kan ló júwe Ẹnjiníà fún mi. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò ní pátákó. Ẹ gba ẹ̀yìn Old Garage, ẹ máa bi àwọn tó ń tún fáànù ṣe. Ẹ máa gbọ́ ọ kí ẹ tó rí i. Ó tó ẹni ogójì ọdún, pẹ́ńsùlù kan sì máa ń wà létí rẹ̀ ọ̀tún tí mi ò tíì rí i kó fi kọ nǹkan kan. Kò bi mí ní ìbéèrè. Ó gbé àwo lé e, ó tẹ́tí fún bí ìṣẹ́jú kan, ó yí ìdí ẹ̀rọ sókè, ó ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, ó bá rẹ́rìn-ín.

"Mà, ẹ̀rọ yín ò ṣàìsàn o. Àlejò ni."

Ó ní iná Amẹ́ríkà ń lọ ń bọ̀ nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tiwa ń ṣe é nígbà 50. Irú mọ́tò tó wà nínú ẹ̀rọ mi, iye ìgbà yẹn ló ń tẹ̀lé, kò ka fóltì sí. Tìráńsífọ́mà lè sọ 240 di 110, kò lè sọ 50 di 60. Àwo tó yẹ kó yí nígbà mẹ́tàlélọ́gbọ̀n àti díẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan wá ń yí nígbà tí kò pé méjìdínlọ́gbọ̀n. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, ó ń fi ìka gbá tábìlì bí ẹni tó ń kọ́ mi ní ìlù. Ẹni tó ta ẹ̀rọ fún mi ò mọ ìyẹn, tàbí kó mọ̀ ọ́n kó dákẹ́.

Kẹ̀kẹ́ irin bíńtín kan wà lórí mọ́tò náà, òun ni rọ́bà tó ń yí àwo gbá mú. Ẹnjiníà gbé e lọ bá àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, pé kí wọ́n ṣe òmíràn tó fi ìdá kan nínú márùn-ún fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n ṣe é, kò gún. Orin ń fì sọ́tùn-ún sósì bí ọmùtí. Wọ́n tún òmíràn ṣe. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti lọ síbẹ̀ nínú márùn-ún, mo sì gbà fún un lórí ìyẹn, torí èmi náà ti tú ọrùn aṣọ ìyàwó lẹ́ẹ̀mejì rí. Ọ̀sẹ̀ méjì tó kù ni mi ò tíì dárí ẹ̀ jì í.

Owó ńkọ́? Kẹ̀kẹ́ irin, ₦9,000. Rọ́bà tuntun, ₦4,500. Abẹ́rẹ́ tuntun, ₦18,000. Iṣẹ́ ọwọ́, ₦10,000. Ó kù díẹ̀ kó tó iye tí mo ra ẹ̀rọ gan-an. Kò sí rìsíìtì. Nígbà tí mo bèèrè, ó ya etí páálí bisikí kan, ó ní kí n bá òun wá báírò.

Ó kìlọ̀ fún mi nípa jẹnẹrétọ̀. Ó ní tó bá ń sáré ju bó ṣe yẹ lọ, 50 á di 53, orin náà á sì bá a sáré. Mo rò pé àsọdùn ni. Lọ́jọ́ kejì, NEPA mú iná, a tan I-better-pass-my-neighbour wa, Robert Plant ti Led Zeppelin bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ẹni tí ọkọ̀ Ìbàdàn fẹ́ já sílẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi tó kéré jù ló kọ́kọ́ fura. "Àǹtí, kí ló ń lé bàbá yìí?" Láti ìgbà náà, tí kò bá sí iná ìjọba, fláàṣì là ń gbọ́.

Ọ̀rọ̀ fláàṣì yìí ni kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́, torí ibẹ̀ ni èmi àti Ẹnjiníà ti fẹ́ jà. Ó ń gba ₦1,500 lórí àwo kan láti ká orin inú rẹ̀ sórí fláàṣì. Mo kó mẹ́fà fún un. Èyí tó fi lé mi lọ́wọ́ mọ́ tónítóní. Kò sí ariwo kankan nínú ẹ̀, kò sí "tá, tá, pá" tí àwo máa ń ta. Ó mọ́ débi pé mi ò dá a mọ̀ mọ́.

Orin "Jingo" ló tú u fó. Ó wà nínú àwo àkọ́kọ́ tí Santana ṣe, ọdún 1969. Orin yẹn kì í ṣe ti Santana láti ìpilẹ̀ o. Babatunde Olatunji ló ni ín, ọmọ Ajido lápá Badagry, tó lọ kàwé ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1950 tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu ìlù fún wọn níbẹ̀; ó ti wà nínú àwo Drums of Passion rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1960. Bàbá mi kì í jẹ́ kí orin yẹn parí kí wọ́n má nawọ́ sí ẹ̀rọ: "Ọmọ wa nìyẹn! Àwọn gìtá yẹn, àlejò ni wọ́n lágbo ọmọ wa." Ó sì rí bẹ́ẹ̀ létí mi. Ìlù ló ń pè, gìtá ló ń dáhùn. Ohùn èèyàn ń pe orúkọ orin náà lápètúnpè bí ẹni tó ń ki nǹkan, kò sí ìtàn, kò sí ìfẹ́, kò sí ọmọge nínú ẹ̀. Ìyá mi tó ní àǹjọ̀nnú ni wọ́n, mo ti ká a mọ́bi tó ń fi orúnkún jó "Jingo" nídìí ọlọ rí.

Nínú fláàṣì Ẹnjiníà, ìlù náà ti di páálí. Ibi tí àtẹ́lẹwọ́ ti ń ta pá lára awọ, tí ara èèyàn á gbọ̀n rìrì, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀ ju gbì, gbì lọ. Kọ̀ǹpútà tó fi ń fọ orin ò mọ ìyàtọ̀ láàárín eruku tó ta pá lábẹ́ abẹ́rẹ́ àti ọwọ́ tó ta pá lórí ìlù. Ó gé méjèèjì dànù.

Mo gbé àwo, mo gbé fláàṣì, mo gbọ̀nà Old Garage. Ó ní, "Mà, bí àwọn oníbàárà ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn, kó mọ́." Mo ní kó gbé àwo sí i. Ó gbé e. Mo ní kó wá gbé fláàṣì sí i. Ìgbà tí àwọn méjèèjì lọ tán, ó yọ pẹ́ńsùlù létí, ó tún un fi síbẹ̀, ó ní kí n fún òun lọ́jọ́ méjì. Ọjọ́ méjì náà ló sì lò, èyí tó yà mí lẹ́nu. Kò gba kọ́bọ̀. Ó tún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ká pẹ̀lú eruku wọn. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kó má fọ ohunkóhun. Omi àti ọṣẹ díẹ̀ lára àwo, kó jẹ́ kó gbẹ, ó tán.

Nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, The Dark Side of the Moon ti Pink Floyd ló gba ṣọ́ọ̀bù mi kan. Ọdún 1973 ló jáde. Ibì kan wà nínú orin "Time" tí ọ̀pọ̀ aago ń dún gbàù lẹ́ẹ̀kan náà láìròtẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, màmá kan tó wá gba ìró fò dìde, wọ́n ní "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!", wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ páànù píìnì mi. Mo bẹ̀ wọ́n, mo yọ ₦500 kúrò nínú owó wọn.

Ṣùgbọ́n "Money" ni eré gidi. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó wẹ́wẹ́ tó ń já, bébà tó ń ya àti ẹ̀rọ ìgbowó tó ń dún, gbogbo wọn ń tẹ̀lé ara wọn bí ìlù. Ìlù orin tí a mọ̀, mẹ́rin-mẹ́rin ni a máa ń kà á. Èyí, méje ni. Kò sí bí mo ṣe máa ṣàlàyé ìyẹn fún ọmọ iṣẹ́, àmọ́ ẹsẹ̀ wọn mọ̀ ọ́n. Ẹlẹ́sẹ̀ ni mẹ́ta nínú máṣíìnì wa, torí iná. Ẹni tó bá ń fẹsẹ̀ wa máṣíìnì nígbà tí orin yẹn ń lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ á fẹ́ bá orin rìn, tó bá dé mẹ́rin á rò pé ó ti pé, orin á ní kò tíì pé, ẹsẹ̀ á kọsẹ̀, okùn á já. Lọ́sẹ̀ yẹn a já okùn ju ti oṣù kan lọ. Nígbà tó dé ibi tí gìtá ti ń dá sọ̀rọ̀, orin náà padà sí mẹ́rin, gbogbo ṣọ́ọ̀bù mí kanlẹ̀, máṣíìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ń lọ bí ọkọ̀ ojú irin. Mi ò mọ̀ bóyá àwọn òyìnbó náà ro ti telọ́ nígbà tí wọ́n ń ṣe é.

Orin kan tún wà nínú àwo yẹn tí obìnrin kan kàn ń fi ohùn ké láìsọ ọ̀rọ̀ kankan. Clare Torry lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ni, £30 ni wọ́n san fún un. Ẹ̀yìn ọgbọ̀n ọdún ló pè wọ́n lẹ́jọ́ pé òun náà wà lára ẹni tó ṣẹ̀dá orin yẹn, wọ́n yanjú ẹ̀ lọ́dún 2005, orúkọ rẹ̀ sì ti wà níbẹ̀ báyìí. Mo sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Mo kábàámọ̀ ẹ̀, torí ọ̀kan nínú wọn wò mí lójú ó ní, "Àǹtí, kí ni wọ́n wá fún un?"

Lọ́sàn-án Sátidé, kí ẹ má retí pé ẹ máa ráyè bá Ẹnjiníà sọ̀rọ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń péjọ síbẹ̀, kálukú pẹ̀lú ohun tó ń gbọ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Kò sí àga. Àpótí mínírà ni ẹ máa jókòó lé, páànù orí ṣọ́ọ̀bù náà sì máa ń gbóná bí ààrò (ó tún kó àwo síbẹ̀, èyí tí mi ò fara mọ́). Ṣùgbọ́n mo ti ń lọ.

Bàbá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì wà níbẹ̀, Rumours ti Fleetwood Mac, ọdún 1977, ni wọn ò yéé sọ. Wọ́n ní tọkọtaya kan wà nínú ẹgbẹ́ náà tí wọ́n ń kọra wọn sílẹ̀, olólùfẹ́ méjì míì náà sì ń túká, síbẹ̀ gbogbo wọn jọ ń wọ yàrá kan láti ká orin, kálukú ń kọrin nípa ẹnì kejì, ẹnì kejì sì ń bá a gberin. "Ẹ ò rí i pé orin orogún ni," bàbá náà wí. "Ohun tí àwọn ìyá wa ń fi orin bú ara wọn lágbàlá náà ni. Gìtá ló kàn wọ̀ ọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára débi tí mo fi ra Rumours lọ́wọ́ Ẹnjiníà níbẹ̀, ₦6,000. Mo délé, mo fà á yọ nínú páálí Fleetwood Mac: Jim Reeves. Mo fẹ́ràn Jim Reeves, ta ni kò fẹ́ràn rẹ̀ nílẹ̀ yìí, àmọ́ mo ti ní mẹ́ta irú ìyẹn. Ó gbà á padà, ó ní kí n mú òmíràn dípò, òun kì í dá owó padà. Nítorí náà, ẹ yọ àwo wò kí ẹ tó sanwó.

Ọmọ yunifásítì kan tó máa ń wọ dúdú látòkè délẹ̀ nínú oòrùn Òṣogbo, Black Sabbath ni tirẹ̀. Mi ò fẹ́ràn ariwo wọn, mo sọ fún un bẹ́ẹ̀. Ó wá sọ ìtàn Tony Iommi tó ń lu gìtá fún wọn. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà tí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ irin ní Birmingham gé orí ìka rẹ̀ méjì, lọ́jọ́ tó yẹ kó ṣe iṣẹ́ kẹ́yìn níbẹ̀. Ọwọ́ òsì ló ń lò, torí náà ìka ọwọ́ ọ̀tún tó fi ń tẹ okùn gìtá ló lọ. Ó yọ́ ike ìgò ọṣẹ, ó fi mọ ohun tí ó ń bọ̀ sórí ìka, ó lẹ awọ mọ́ ọn kó lè gbá okùn mú. Nígbà tó yá, ó tún ń dẹ okùn náà sílẹ̀ kó má baà nira láti tẹ̀, ìyẹn wà lára ohun tó mú kí orin wọn wúwo tó bẹ́ẹ̀.

Mo wo ìka ìlábẹ̀ mi. Ọdún kọkànlá tí mo ti ń ránṣọ ni abẹ́rẹ́ máṣíìnì gba àárín èékánná mi kọjá, mo sì fi awọ bàtà ṣe ìbọ̀ka fún un fún odidi oṣù kan, torí Iléyá ti dé tán, aṣọ ń bẹ nílẹ̀. Ọmọ náà ò mọ ohun tó ṣe fún mi. Mo gba fláàṣì rẹ̀ lọ sílé. Ariwo náà ṣì pọ̀ jù, àmọ́ mo ń gbọ́ ìka nínú ẹ̀ báyìí, lálẹ́, nígbà tí àwọn ọmọ iṣẹ́ bá ti lọ tán.

Band on the Run ti McCartney náà wà nínú àwọn tí Ẹnjiníà ká fún mi. Bàbá mi fẹ́ràn láti máa sọ pé Lágọ́sì ló tọ́ orin yẹn: méjì nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀, wọn ò bá a wọkọ̀ òfúrufú, nígbà tó débí, àwọn olè fi ọ̀bẹ gba téèpù tó ká àwọn orin náà sí lọ́wọ́ òun àti ìyàwó rẹ̀, ó sì ní láti rántí wọn látorí. Orin náà dára. Mi ò gbọ́ Lágọ́sì nínú ẹ̀ ṣá, tàbí kó jẹ́ pé etí mi ni.

Èyí tó kù ni Cream, tí bàbá mi fẹ́ràn jù nítorí Ginger Baker tó ń lu ìlù ibẹ̀, ẹni tó tún wá bá Fela lù ú. Àwo náà ti tẹ̀ bí ẹ̀fọ́ tó sá sóòrùn. Bí abẹ́rẹ́ bá gùn ún, á máa fò sókè sódò. Ẹnjiníà ní òun máa fi sáàárín gíláàsì méjì, òun á gbé ẹrù lé e lórí, òun á rọra lò ó. Mo bi í pé ìgbà wo ni kí n wá.

Ó ní Ọjọ́bọ̀.